Athletic training: ìtọ́jú ara eléré ni wọ́n ń kọ́, kì í ṣe eré sísá

Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ìyá kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Ìgbọ̀nà ní Òṣogbo dá mi dúró bí mo ṣe ń kọjá. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, torí ọmọ rẹ̀ obìnrin wà ní SS3 ní ilé ìwé tí mo ti ń ṣe tíṣà, kò sì sí ẹni tó ń bá ọmọ náà dọ́gba nínú eré irinwó mítà. Ó na fóònù sí mi, ó ní: "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka nǹkan yìí. Ṣé èèyàn tún ń lọ sí yunifásítì lọ kọ́ eré sísá ni?"

Ìwé tí éjẹ́ǹtì kan fi ránṣẹ́ sí i ló wà lójú fóònù: dìgírì ọlọ́dún mẹ́rin nínú athletic training, ní Amẹ́ríkà, kí wọ́n tètè wá san owó fọ́ọ̀mù kí àyè tó kún. Bàbá ọmọ ti fárígá. Ó ní òun ò ní ta ilẹ̀ kí ọmọ òun lè lọ kọ́ ohun tó ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ ní pápá ilé ìwé ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Ọmọ fúnra rẹ̀ rò pé kóòṣì lòun máa dà. Éjẹ́ǹtì ní dókítà àwọn eléré ni. Èèyàn mẹ́ta, ìtumọ̀ mẹ́ta, kò sì sí èyí tó bọ́ sí i nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Láti ọjọ́ náà, òbí méjì mìíràn ti bi mí ní ìbéèrè kan náà. Mo wá rí i pé ó yẹ kí n jókòó kọ ọ́ sílẹ̀, torí owó ńlá wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ọjọ́ ọ̀la ọmọ sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

## Kí ni orúkọ yẹn túmọ̀ sí?

Orúkọ náà ló ń ṣi èèyàn lọ́nà. Téèyàn bá ti gbọ́ "training", ohun tó máa sọ sí i lọ́kàn ni kí wọ́n máa kọ́ ọmọ bó ṣe máa sáré, bó ṣe máa fò, bó ṣe máa gbá bọ́ọ̀lù. Iṣẹ́ kóòṣì nìyẹn. Iṣẹ́ ìlera ni athletic training. Ẹni tó kọ́ ọ là ń pè ní athletic trainer. Òun ló ń ṣọ́ eléré kó má baà fara pa, òun ló ń yẹ̀ ẹ́ wò láti mọ ohun tó ṣe é bó bá fara pa, òun ló ń gba ẹ̀mí rẹ̀ là bí ọ̀rọ̀ bá le, tí yóò sì máa tọ́jú rẹ̀ títí ara rẹ̀ yóò fi yá débi tó lè padà sórí pápá.

Amẹ́ríkà ni iṣẹ́ náà ti gbilẹ̀ jù. Ní 1950 ni àwọn tó ń ṣe é níbẹ̀ dá ẹgbẹ́ wọn, NATA, sílẹ̀ ní ìlú Kansas City. Nígbà tó di 1990, ẹgbẹ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i pé ó jẹ́ ọ̀kan lára iṣẹ́ ìlera. Athletic trainer kì í sì í dá ṣe bó ṣe wù ú. Dókítà kan wà tó ń bá ṣiṣẹ́, tó ń darí ohun tó ń ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe orí pápá bọ́ọ̀lù nìkan ni wọ́n wà. Wọ́n wà pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun, wọ́n wà pẹ̀lú àwọn oníjó, wọ́n tún wà ní ilé iṣẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń gbé ẹrù wúwo.

## Ta ni kóòṣì, ta ni físíò, ta wá ni ẹni yìí?

Ẹ jẹ́ ká fi mọ́tò ṣe àpẹẹrẹ, irú èyí tó ń ti Òṣogbo gba Gbọ̀ngán lọ sí Ìbàdàn lójoojúmọ́. Ara eléré ni mọ́tò yẹn. Kóòṣì ló ń sọ ibi tí mọ́tò ń lọ àti bó ṣe máa sáré tó. Ẹni tó ń kọ́ni ní jíìmù ló ń mú kí ẹ́ńjìnnì lágbára sí i. Físíò (physiotherapist) ni mẹkáníìkì tó wà ní ṣọ́ọ̀bù: bí mọ́tò bá bàjẹ́, wọ́n á wọ́ ọ lọ bá a. Dókítà oníṣẹ́ abẹ ló ń tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀.

Athletic trainer ni mẹkáníìkì tó ń bá mọ́tò rìn. Òun ló ń wo omi àti ọ́ìlì láàárọ̀ kí wọ́n tó gbéra. Òun ló máa kọ́kọ́ gbọ́ ìró tí kò yẹ kó máa jáde lábẹ́ mọ́tò. Bí táyà bá bẹ́ lójú ọ̀nà, ó ti wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá a kiri.

Mọ́tò náà kò gbé àpẹẹrẹ yìí dé òpin, ó yẹ kí n sọ bẹ́ẹ̀. Físíò kì í ṣe ti eléré nìkan: òun náà ló ń tọ́jú ìyá àgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù àti ọmọ tí kò tètè rìn. Ní Nàìjíríà, físíò ló sì máa ń wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa, tó ń ṣe iṣẹ́ tí athletic trainer ń ṣe lọ́hùn-ún. Ìdí nìyẹn tí orúkọ náà fi ṣàjèjì sí etí wa bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ náà kò ṣàjèjì sí ojú wa.

## Kí ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ gan-an?

Wọ́n ń kọ́ nípa egungun àti iṣan, bí ọkàn ṣe ń ṣiṣẹ́, bí ara ṣe ń lo oúnjẹ, bí ìbẹ̀rù àti ìrẹ̀wẹ̀sì ṣe ń bá eléré tó fara pa fínra. Ṣùgbọ́n ká máa ka orúkọ ẹ̀kọ́ kò lè jẹ́ kéèyàn mọ iṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká mú ohun tí gbogbo wa ti fojú rí.

Ọmọ kan ń sáré ní inter-house, ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ́, ó ṣubú. Kí làwa máa ń ṣe? Ẹnì kan á da pure water lé e lẹ́sẹ̀. Ẹlòmíì á bẹ̀rẹ̀ sí í fi Robb wọ́ ọ. Ẹni tó gbójú jù á di àtàǹpàkò ọmọ náà mú, á fà á, pé kí ẹsẹ̀ lè padà sípò. Èmi náà ti wọ́ ẹsẹ̀ ọmọ bẹ́ẹ̀ rí ní ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn, tí ọmọ ń ké, tí mo ń sọ fún un pé kó ní sùúrù. Lọ́jọ́ kejì, X-ray fi hàn pé egungun ti sán. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí.

Ẹ wá wo ohun tí athletic trainer ń ṣe sí ẹsẹ̀ yẹn kan náà. Ọ̀rọ̀ ló máa fi bẹ̀rẹ̀: báwo lo ṣe tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀, ṣé o gbọ́ ìró kankan? Á ní kí wọ́n bọ́ bàtà ẹsẹ̀ méjèèjì, torí èyí tí kò ṣe nǹkan kan ni yóò fi díwọ̀n èyí tó wú. Lẹ́yìn náà ni yóò wá fi àtàǹpàkò tẹ egungun kókósẹ̀, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ní ẹ̀yìn egungun náà, níta àti nínú. Á tẹ egungun tó yọ ní ẹ̀gbẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ lọ́wọ́ òde, á tún tẹ èyí tó wà lókè ibi tí àtẹ́lẹsẹ̀ ti kó wọnú. Á wá ní kí ọmọ gbìyànjú láti rin ìṣísẹ̀ mẹ́rin péré. Bí egungun bá dùn ún níbi tí wọ́n tẹ̀ yẹn, tàbí tí kò lè rin ìṣísẹ̀ mẹ́rin, ó di X-ray. Bí kò bá sí èyíkéyìí nínú méjèèjì, iṣan tó so egungun mọ́ra ló sábà máa ń jẹ́, egungun kọ́. Àwọn dókítà ní ìlú Ottawa ní Kánádà ló gbé ìlànà yìí jáde ní 1992, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ aláìsàn lọ́wọ́ owó X-ray tí kò pọn dandan. Ẹ kíyè sí i pé kò sí ẹni tó fa nǹkan kan nínú gbogbo rẹ̀.

Ooru tún ńkọ́? Inter-house wa sábà máa ń bọ́ sí oṣù kejì àti oṣù kẹta, nígbà tí oòrùn Òṣogbo ń mú jù lọ. Ẹni tó ń sáré nínú ooru bẹ́ẹ̀ lè dé ibi tí ara rẹ̀ á gbóná kọjá ìwọ̀n 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ, tí á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tí á sì ṣubú. Ohun tó máa ń wá sí wa lọ́kàn ni ká sáré gbé e sínú mọ́tò, ó di ilé ìwòsàn. Ohun tí wọ́n ń kọ́ athletic trainer ni pé kó kọ́kọ́ mú ara rẹ̀ tutù níbẹ̀ ná: kó rì í sínú ọpọ́n omi tó ní áìsì dé ọrùn, kí ẹnì kan di orí rẹ̀ mú, kí ara náà sì rọlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 30. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí wọ́n tó gbé e. Àkókò tí mọ́tò ń lò nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Ọláìyá, ọpọlọ ọmọ náà ni ooru ń bà jẹ́.

Ti orí kò gùn: ẹni tó fi orí gbá orí, tí ojú rẹ̀ ṣú tàbí tí kò rántí ibi tó wà, kò gbọdọ̀ padà sí pápá lọ́jọ́ náà, ì báà jẹ́ òun ni yóò gbá pẹnáríti tó kù.

Èyí tó le jù ni ti ọkàn. Ẹni tó bá ti dàgbà ní ilẹ̀ yìí kò lè gbàgbé 12 oṣù kẹjọ ọdún 1989, nígbà tí Samuel Okwaraji ṣubú lórí pápá ní Èkó nígbà tí Nàìjíríà ń bá Àǹgólà gbá, tí kò sì dìde mọ́. Ọkàn rẹ̀ ti tóbi ju bó ṣe yẹ lọ. Mi ò ní sọ pé ẹnikẹ́ni ì bá rí i gbà là lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Cincinnati ní 2 oṣù kìíní ọdún 2023. Damar Hamlin, tó ń gbá bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá ti Amẹ́ríkà fún ẹgbẹ́ Buffalo Bills, ṣubú, ọkàn rẹ̀ dúró. Denny Kellington, athletic trainer ẹgbẹ́ náà, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àyà rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ ni pé kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, kí àyà sì wọlé tó ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 5. Wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń ta ọkàn jí kún un. Hamlin yè, ó sì padà sórí pápá lọ́dún yẹn kan náà. Bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ pé ẹ̀kọ́ eré sísá ni, Kellington ni mo máa ń mẹ́nu bà.

## Kí ló dé tí dìgírì àkọ́kọ́ kò tó mọ́?

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù owó nìyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dàgbà á rántí Grade Two. Nígbà kan, ẹni tó bá ti ní Grade Two ti tó tíṣà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìjọba wá sọ pé NCE ni ìwé tó kéré jù téèyàn lè fi di tíṣà. Bí ẹnì kan bá wá gbowó lọ́wọ́ yín lónìí pé òun fẹ́ fi ọmọ yín sí ẹnu Grade Two kó lè di tíṣà, ẹ̀ẹ́ ti mọ̀ pé ilẹ̀kùn yẹn ti tì.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti athletic training ní Amẹ́ríkà. Tẹ́lẹ̀, dìgírì àkọ́kọ́, ọlọ́dún mẹ́rin, ló ń sọ èèyàn di athletic trainer. Ní 2015, àwọn àjọ tó ń darí iṣẹ́ náà pinnu pé másítà ni yóò máa jẹ́ ẹnu ọ̀nà. Wọ́n fún àwọn ilé ìwé ní ọdún mélòó kan láti fi palẹ̀ mọ́. Ìgbà ìwọlé ìparí ọdún 2022 ni ìgbà ìkẹyìn tí wọ́n lè gba ọmọ tuntun sí ti dìgírì àkọ́kọ́ tó ń sọni di athletic trainer. Àwọn tó ti gba ìwé àṣẹ tiwọn ṣáájú kò pàdánù nǹkan kan, wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́ wọn. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ ni ọ̀rọ̀ kàn.

Dìgírì nìkan kò sì parí iṣẹ́. Ẹ wo ọ̀rọ̀ lọ́yà: ẹni tó kàwé òfin jáde ní yunifásítì kò tíì lè dúró níwájú adájọ́ àfi tó bá kọjá ní Law School. Athletic trainer náà ní ìdánwò tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní BOC. Ẹni tó bá kàwé rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kì í sì í jókòó ṣe ìdánwò náà àyàfi tí ilé ìwé rẹ̀ bá ní òǹtẹ̀ CAATE, àjọ tó ń fọwọ́ sí àwọn ilé ìwé tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ yìí. Lẹ́yìn ìdánwò ni ìpínlẹ̀ tó fẹ́ ṣiṣẹ́ sí yóò wá fún un ní ìwé àṣẹ. California ni ìpínlẹ̀ tí ti rẹ̀ yàtọ̀, tí kò ní òfin ìwé àṣẹ bíi ti àwọn yòókù.

## Kí ló dé tí a ṣì ń rí i nínú ìwé àwọn ilé ìwé?

Nítorí ọ̀nà méjì kan ṣì wà tí orúkọ náà fi lè fara hàn níwájú ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní sẹ́kọ́ńdìrì, kò sì sí irọ́ nínú méjèèjì.

Èkíní ni èyí tí wọ́n ń pè ní pre-athletic training. Ìpìlẹ̀ ni. Ọmọ á gba dìgírì àkọ́kọ́ nínú exercise science tàbí kinesiology, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa bí ara ṣe ń rìn, ṣùgbọ́n kò tíì di athletic trainer nígbà tó bá parí. Ó kan ti kọ́ àwọn ohun tí másítà máa béèrè ni.

Èkejì ni èyí tí wọ́n so dìgírì àkọ́kọ́ àti másítà pọ̀, tó sábà máa ń gba ọdún márùn-ún: mẹ́ta ní ìsàlẹ̀, méjì lókè. Ọmọ lè wọlé sí èyí láti sẹ́kọ́ńdìrì, kó sì jáde pẹ̀lú ìwé tó lè fi ṣe ìdánwò. Ìyàtọ̀ láàárín ọ̀nà méjì yìí lè tó iye owó ilé kan ní Òṣogbo, síbẹ̀ orúkọ wọn jọra lójú ẹni tí kò mọ̀.

Kánádà ní tiwọn kò tíì gbé ẹnu ọ̀nà lọ sí másítà. Athletic therapy ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, iṣẹ́ náà sì jọ ti Amẹ́ríkà gan-an. Yunifásítì Concordia ní Montreal wà lára ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ ní dìgírì àkọ́kọ́. Bó bá jẹ́ pé dìgírì àkọ́kọ́ gan-an ni ẹ̀mí ọmọ fẹ́, ibẹ̀ ni kí òbí yíjú sí.

## Ọmọ Òṣogbo, ibo ló lè gbà?

Ohun tí mo gbà gbọ́ nìyí, mo sì sọ ọ́ fún ìyá yẹn lójú ọjà: ọmọ tó wà ní SS3 ní Òṣogbo kò ní láti tètè fò lọ sí òkè òkun kó tó bẹ̀rẹ̀. Kó kọ́ dìgírì àkọ́kọ́ nílé, nínú ẹ̀kọ́ tó lè fi jẹun bí ọ̀nà òkè òkun kò bá là, kó wá máa wo másítà bó bá yá.

Físíò ló wà lókè nínú ohun tí mo máa ń dárúkọ. Wọ́n ń kọ́ ọ ní OAU ní Ilé-Ifẹ̀, tí ọmọ lè gbéra láti Òṣogbo láàárọ̀ kó dé kí oòrùn tó mú. Wọ́n ń kọ́ ọ ní UI ní Ìbàdàn, níbi tí ẹ̀kọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹni tó bá parí, tí àjọ tó ń fi orúkọ àwọn oníṣẹ́ físíò sílẹ̀ ní Nàìjíríà sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ti dúró láìka másítà kankan sí. Human Kinetics, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa eré ìdárayá, náà wà, ó dára fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ wà nínú eré ìdárayá, ṣùgbọ́n kì í fúnni láṣẹ láti tọ́jú aláìsàn, ó sì yẹ kí ọmọ mọ èyí kó tó kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù JAMB.

Másítà ti Amẹ́ríkà máa béèrè pé kí ọmọ ti kọ́ bàọ́lọ́jì, kẹ́místírì, físíìsì, ẹ̀kọ́ nípa ìrònú èèyàn, àti ẹ̀kọ́ nípa bí ara ṣe rí àti bó ṣe ń ṣiṣẹ́, kó sì jẹ́ ní ìpele yunifásítì. Akẹ́kọ̀ọ́ físíò ti máa ń kọ́ wọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé ọ̀nà méjèèjì bá ara wọn mu.

Kí n fi ọ̀kan kún un tí éjẹ́ǹtì kì í sọ. Athletic training kì í ṣe físíò. Ẹni tó kọ́ ọ lọ́hùn-ún tó wá padà sílé kò lè gbé pátákó físíò kọ́ sí Òkè-Fìà, torí kì í ṣe ohun tó kọ́ nìyẹn. Iṣẹ́ náà sì le: àsìkò tí àwọn yòókù ń sinmi, ìrọ̀lẹ́ àti òpin ọ̀sẹ̀, ni eléré ń ṣeré, ìgbà yẹn náà ni ẹni tó ń tọ́jú wọn ń ṣiṣẹ́.

## Kí ni kí òbí béèrè kó tó san kọ́bọ̀?

Bí ọmọ bá parí ẹ̀kọ́ yìí, ṣé ó lè jókòó ṣe ìdánwò BOC lójú ẹsẹ̀? Ìbéèrè tó ṣe kókó jù nìyẹn. Kí ẹni tó mú ìwé wá dáhùn pẹ̀lú bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé gígùn, ẹ fi owó yín sápò. Ẹ bi í ní orúkọ ilé ìwé lẹ́kùn-únrẹ́rẹ́, kí ọmọ wá wò ó fúnra rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì nínú ìwé orúkọ tí CAATE gbé síta. Ọ̀fẹ́ ni, kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Kí ẹ tún béèrè ìwé wo gan-an ni wọ́n máa fún ọmọ níparí, kí orúkọ tó wà lórí ìwé náà sì jẹ́ èyí tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún yín, kì í ṣe èyí tí wọ́n fẹnu sọ.

Ìyá yẹn bi éjẹ́ǹtì rẹ̀ ní ìbéèrè àkọ́kọ́ lórí fóònù lójú mi. Pre-athletic training ni, ni ẹni náà wá jẹ́wọ́ nígbẹ̀yìn. Ìyá náà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì pa fóònù.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, ó ránṣẹ́ pè mí. Òun àti bàbá ọmọ ti jókòó sọ ọ́, bàbá sì ti gbà, nígbà tó gbọ́ pé ìtọ́jú ara èèyàn ni. Físíò ní Ifẹ̀ ni ọmọ fẹ́ kọ sínú JAMB. Ohun tó fẹ́ mọ̀ lọ́dọ̀ mi kò ju ẹyọ kan lọ: ta ni mo mọ̀ tó lè máa kọ́ ọmọ náà ní kẹ́místírì lálaalẹ́, lẹ́yìn tó bá ti sáré tán ní pápá?